Fífi Omi Iyọ̀ Fọ Imú



Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, ariwo kan a máa wà nínú kíláàsì alẹ́ wa tí kì í ṣe ariwo ìwé kíkà. Ẹni kan á sín níhìn-ín, ẹlòmíràn á fa imú lọ́hùn-ún. Ẹni tí a bá ní kí ó kàwé sókè á la ẹnu sílẹ̀, ohùn rẹ̀ á há, nítorí pé imú rẹ̀ ti dí. Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí imú, àti ohun tí iyọ̀ àti omi lè ṣe fún un.

ÌYÁ ELÉLÙBỌ́

Ìyá kan wà nínú kíláàsì wa tí ó ń ta èlùbọ́. Ó fẹ́ràn ìwé, kì í sì í pa kíláàsì jẹ. Ṣùgbọ́n ní ọdún kan, bí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, a kò rí i mọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, a lọ sí ìsọ̀ rẹ̀ lọ́jà. A bá a níbi tí ó jókòó ti ọpọ́n èlùbọ́ rẹ̀. Ojú rẹ̀ pọ́n, imú rẹ̀ wú, ó ń fi etí aṣọ nu imú.

A ní, "Màmá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. A kò rí yín ní kíláàsì mọ́. Ṣé kò sí?"

Ó dáhùn pé, "Tíṣà, ẹ má bínú. Imú yìí ni. Bí mo bá jókòó ti ìwé, orí á máa fọ́ mi níwájú níbí, omi á máa dà lójú mi, n kò ní rí lẹ́tà mọ́. Àwọn oníbàárà mi pàápàá ti ń sá. Ta ni yóò ra èlùbọ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń sín sí i?"

Ọ̀rọ̀ yìí dùn wá. Ó ní òun ti ra oògùn lọ́wọ́ àwọn tí ń tà á nínú ọkọ̀. Òun ti fa aṣáárà símú, òun ti gbóòórùn àlùbọ́sà títí. Àwọn kan tilẹ̀ ti sọ fún un pé ọwọ́ ayé ni. Kì í ṣe ọwọ́ ayé o. Eruku ni.

IṢẸ́ TÍ IMÚ Ń ṢE

Imú kì í ṣe ihò lásán. Asẹ́ ni. Bí asẹ́ ti ń mú èérún inú èlùbọ́, bẹ́ẹ̀ ni imú ń mú eruku inú afẹ́fẹ́, kí ó má bàa wọ inú ẹ̀dọ̀fóró wa.

Irun wà ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Lẹ́yìn irun náà, awọ rírọ̀ kan bo gbogbo inú imú, ikun díẹ̀ sì wà lórí awọ náà. Ikun yìí ni eruku ń lẹ̀ mọ́. Àwọn irun mìíràn tún wà lórí awọ yìí, tí wọ́n kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú kò lè rí wọn. Wọ́n ń mì tọ̀sán-tòru, wọ́n ń ti ikun àti eruku lọ sí ọ̀nà ọ̀fun. A máa ń gbé e mì láìmọ̀.

Àwọn yàrá kéékèèké tún wà nínú egungun ojú wa. Afẹ́fẹ́ ni ó wà nínú wọn. Àwọn kan wà ní iwájú orí, lókè ojú. Àwọn kan wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Àwọn kan wà láàárín ojú méjèèjì, àwọn kan sì wà lẹ́yìn imú, nínú lọ́hùn-ún. Ẹnu ọ̀nà tóóró ni yàrá kọ̀ọ̀kan fi ń ṣí sínú imú. Bí awọ inú imú bá wú, ẹnu ọ̀nà yìí á dí, ikun á há sínú yàrá. Ìdí nìyí tí iwájú orí fi ń fọ́ ni, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń wúwo, tí ohùn sì fi ń yí padà.

ÈÈWỌ̀ ARA

Gbogbo wa mọ ohun tí à ń pè ní èèwọ̀. Ohun tí ilé kan ń jẹ, ilé kejì lè má fi kan ẹnu. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ara rí. Eruku kan náà lè fẹ́ sí ènìyàn mẹ́ta. Ẹni méjì kò ní mọ̀ ọ́n lára, ṣùgbọ́n ara ẹni kẹta á kọ̀ ọ́. Imú rẹ̀ á máa yún un, á máa sín léraléra, omi á máa dà nímú rẹ̀, ojú rẹ̀ á pọ́n. Èyí ni àwọn oníṣègùn ń pè ní àlẹ́jì.

Àlẹ́jì kì í ràn. Kì í sì í mú ara gbóná. Ìyẹn ni a fi lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí òfìnkìn, tí ẹnìkan lè kó ran ẹlòmíràn. Òfìnkìn á ṣe ni, á sì lọ. Àlẹ́jì á máa padà wá ní gbogbo ìgbà tí a bá tún pàdé ohun tí ara kọ̀.

Ohun tí ara máa ń kọ̀ pọ̀. Ó lè jẹ́ eruku ilé, tàbí àwọn kòkòrò tíntìntín tí ń gbé inú ìbùsùn àti ìrọ̀rí. Ó lè jẹ́ ara ògiri tí ó tutù tí ó ti bu, irun ẹran ọ̀sìn, lẹ́búlẹ́bú òdòdó, tàbí ìyẹ̀fun. Èéfín igi náà ń da imú láàmú.

Ní ilẹ̀ wa, láti nǹkan bí oṣù kọkànlá títí dé oṣù kejì, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń gbé eruku wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà. Púpọ̀ nínú eruku náà wá láti ibì kan tí à ń pè ní Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, níbi tí adágún omi ńlá kan ti gbẹ láti ayébáyé. Ọyẹ́ kan náà ń gbẹ awọ inú imú, ikun á ki, á sì lẹ̀ mọ́ ara imú. Asẹ́ ti dí nìyẹn.

OHUN TÍ OMI IYỌ̀ Ń ṢE

Bí asẹ́ bá dí, kí ni à ń ṣe sí i? À ń fọ̀ ọ́ ni. Imú náà ṣeé fọ̀. Kì í ṣe ohun tuntun. Ní ilẹ̀ Índíà, ó ti pẹ́ gan-an tí àwọn ènìyàn ti ń fi ìkòkò kékeré ẹlẹ́nu gígùn da omi iyọ̀ sí imú. Àwọn Mùsùlùmí àárín wa náà ń fi omi sí imú nígbà àlùwàlá.

Ẹ lè béèrè pé: kí ló dé tí a kò lo omi lásán? Ẹ tọ́ omijé yín wò. Iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Iyọ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú. Omi iyọ̀ tí wọ́n ń fà sí aláìsàn lára ní ilé ìwòsàn ní gíráàmù iyọ̀ 9 nínú lítà 1, kí ó lè bá ti inú ara dọ́gba. Bí omi tí kò ní iyọ̀ bá wọ imú, á ta ni, awọ inú imú á fà á mu, á sì wú. Ẹni tí omi odò ti wọ̀ nímú rí mọ ohun tí à ń wí. Ṣùgbọ́n omi tí iyọ̀ rẹ̀ wà ní ìwọ̀n kì í fi bẹ́ẹ̀ ta ni. Ó ń rọ ikun tí ó ti ki, ó ń kó eruku jáde, ó sì ń jẹ́ kí àwọn irun tíntìntín nì ráyè ṣe iṣẹ́ wọn.

Ní ọdún 2018, àwọn oníṣègùn kan kó àyẹ̀wò 14 jọ, tí a ti ṣe lára ènìyàn 747 tí wọ́n ní àlẹ́jì imú, ọmọdé àti àgbà. Ohun tí wọ́n rí ni pé ó jọ pé omi iyọ̀ ń dín ìyọnu náà kù. Kò mú àlẹ́jì kúrò lára o. Ó ń mú ara tuni ni. Ẹni tí ó fọ aṣọ lónìí yóò tún fọ̀ ọ́ ní ọjọ́ mìíràn.

ÀṢÌṢE TIWA

Kí a tó sọ bí a ti í ṣe é, ẹ jẹ́ kí a sọ àṣìṣe tiwa. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí àwa fi fi ṣọ́ọ̀kì kọ̀wé lára pátákó. Eruku ṣọ́ọ̀kì àti eruku ọyẹ́ parapọ̀, imú wa kò sì fún wa ní ìsinmi. Nọ́ọ̀sì kan, tí a ti kọ́ ní ìwé rí nígbà tí ó wà ní kékeré, ló sọ fún wa nípa omi iyọ̀. Ó kọ ìwọ̀n rẹ̀ sórí ìwé pélébé fún wa.

Àwa tí à ń kọ́ ọmọ ènìyàn ní ìwé, a ká ìwé náà sápò, a kò kà á. A fi ọwọ́ bu iyọ̀ bí ẹni tí ń se ọbẹ̀. Háà! Bí omi náà ti wọ imú wa, a rò pé ata ni. A sáré yí àgbàlá po, omi ń dà lójú wa, ìyàwó wa ń béèrè pé ta ni ó kú.

Ní ọjọ́ kejì, a mú ìwé náà jáde, a kà á, a wọn iyọ̀ bí ó ti wí. Kò ta wá. Ẹni tí ó mọ̀wé tí kò kà á, kí ni ó fi sàn ju ẹni tí kò mọ̀wé lọ?

OHUN TÍ A Ó LÒ

1. Omi tí ó mọ́. Ẹ wo ara ike omi tàbí ọ̀rá omi: ẹ ó rí i tí a kọ "50 cl" sí i. Ìyẹn ni àbọ̀ lítà. Òun ni ìwọ̀n wa.

2. Iyọ̀ funfun wẹ́wẹ́, ṣíbí tíì kan. Kí ṣíbí náà má ga lórí: ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé e pẹrẹsẹ. Kì í ṣe káún o.

3. Ike rírọ̀ tí a fi ń fọ imú, tí a lè rà ní ilé oògùn. Bí kò bá sí, ẹ ra sírínjì ńlá tuntun tí kò ní abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Kí olúkúlùkù ní tirẹ̀. A kì í fi ti ẹnìkan fọ imú ẹlòmíràn.

4. Abọ́ ńlá tí omi yóò máa dà sí.

BÍ A Ó TI ṢE É

1. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín.

2. Ẹ gbé omi kaná, kí ó ju ìwọ̀n 50 cl lọ díẹ̀. Nígbà tí ó bá ń hó yaya, ẹ jẹ́ kí ó hó fún odidi ìṣẹ́jú kan, ó kéré tán. Ẹ fi ọmọrí dé e títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Omi gbígbóná lè bó imú.

3. Ẹ da omi náà sínú ike 50 cl tí ẹ ti fi omi sísè ṣàn. Ẹ da iyọ̀ sí i, kí ẹ sì mì ín títí iyọ̀ yóò fi yọ́ tán.

4. Ẹ tẹ̀ síwájú lórí abọ́. Ẹ yí orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ihò imú kan wà lókè, kí èkejì wà nísàlẹ̀. Ẹ la ẹnu, ẹnu ni kí ẹ máa fi mí. Ẹ má sọ̀rọ̀, ẹ má fa omi náà símú.

5. Ẹ fi ẹnu ike tàbí sírínjì sí ihò imú tí ó wà lókè. Ẹ rọra tẹ̀ ẹ́. Omi yóò gba ihò ìsàlẹ̀ jáde. Bí díẹ̀ bá gba ẹnu wá, ẹ tu ú dànù. Ìdámẹ́rin omi inú ike 50 cl náà tó fún ẹ̀gbẹ́ kan.

6. Ẹ rọra fun imú. Ẹ má di ihò kan pa kí ẹ sì fi agbára fun èkejì, kí omi má bàa lọ sí etí.

7. Ẹ ṣe ẹ̀gbẹ́ kejì bákan náà.

8. Ẹ fi omi sísè ṣan ohun ìfọmú yín, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ. Ẹ dé omi iyọ̀ tí ó bá ṣẹ́kù. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́ tí ẹ kò lò ó, ẹ dà á nù.

Ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ tó. Bí eruku bá pọ̀ púpọ̀, ẹ lè ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má ṣe é kí ẹ sì dùbúlẹ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí omi a tún máa kán jáde fún ìgbà díẹ̀. Bí ó bá ta yín díẹ̀, ẹ dín iyọ̀ náà kù díẹ̀ nígbà mìíràn.

ÌKÌLỌ̀ TÍ Ó JU GBOGBO RẸ̀ LỌ

Ẹ má fi omi tí a kò sè fọ imú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka gbólóhùn yìí lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹlòmíràn lè wí pé, "Ṣebí omi yìí ni mò ń mu?" Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n omi tí a mu ń lọ sí ikùn, níbi tí omi kíkan inú ikùn ti ń pa ọ̀pọ̀ kòkòrò. Irú omi kíkan bẹ́ẹ̀ kò sí nínú imú, imú sì súnmọ́ ọpọlọ. Kòkòrò kan wà tí ojú kò lè rí, tí ń gbé inú omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí a bá mu ún, kì í ṣe nǹkan. Bí ó bá gba imú wọlé, ó lè wọ inú ọpọlọ. Àrùn náà ṣọ̀wọ́n gan-an, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni ẹni tí ó mú tí ó yè é. Ní ọdún 2011, ènìyàn méjì kú bẹ́ẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Louisiana ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn tí wọ́n fi omi ẹ̀rọ ilé wọn fọ imú. Ní ìlú Karachi ní Pakistan, àwọn kan ti kó o nínú omi àlùwàlá. Nítorí náà, bí omi kan kò bá dáni lójú, kí a lo omi tí a ti sè tí ó sì ti tutù, kí a má sì fà á wọ inú imú lọ́hùn-ún.

Omi kànga, omi òjò, omi ẹ̀rọ, omi inú ọ̀rá: ẹ sè é. Álọ́ọ̀mù ń mú omi mọ́ lójú, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ iná.

ÌGBÀ TÍ Ó YẸ KÍ A LỌ SÍ ILÉ ÌWÒSÀN

Omi iyọ̀ kò rọ́pò dókítà. Ẹni tí etí ń dùn, ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún ní imú, ojú tàbí etí, àti ẹni tí àìsàn ti sọ ara rẹ̀ di aláìlágbára, kí ó bi oníṣègùn kí ó tó fọ imú. Bí imú bá dí pátápátá tí omi kò gba ibì kan jáde, ẹ má fi agbára tì í.

Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn bí ara bá gbóná, bí ojú bá wú tàbí tí kò ríran dáadáa, bí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà nímú léraléra, bí àyà bá ń hán tí èémí kò já gaara, tàbí bí ikun bá ń jáde tí ó nípọn bí ọyún fún ọjọ́ mẹ́wàá láìdẹwọ́. Bí ihò imú ọmọdé bá dí ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo tí ó sì ń rùn, ẹ má fọ̀ ọ́. Ó lè jẹ́ pé ó ti ki ẹ̀wà tàbí ìlẹ̀kẹ̀ bọ̀ ọ́. Dókítà ni yóò yọ ọ́.

Oògùn kíkán tún wà tí ń ṣí imú kíákíá. Ẹ má lò ó ju iye ọjọ́ tí a kọ sára rẹ̀ lọ. Bí a bá lò ó jù, imú á tún máa dí sí i. Ẹ ti mọ̀ ọ́n kà báyìí: ẹ kà á kí ẹ tó lò ó.

BÍ ÌYÁ ELÉLÙBỌ́ TI ṢE

A kọ ìwọ̀n omi àti iyọ̀ fún ìyá elélùbọ́, a sì ní kí ó kọ ohun tí ó bá rí lójoojúmọ́ sínú ìwé rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó mú ìwé náà wá sí kíláàsì. Ohun tí ó kọ nìyí:

Ọjọ́ Ajé: Mo ku èlùbọ́. Mo sín púpọ̀.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: N kò ku èlùbọ́. Mo sín díẹ̀.
Ọjọ́rú: Mo ku èlùbọ́. Mo sín púpọ̀. Mo fọ imú lálẹ́. Mo sùn.
Ọjọ́bọ̀: Mo ku èlùbọ́ níta. Mo fi aṣọ di imú. Mo fọ imú lálẹ́. Mo sín lẹ́ẹ̀mẹrin.

Kò sí ẹni tí ó sọ fún un pé kíku èlùbọ́ ni. Ìwé ọwọ́ rẹ̀ ni ó sọ ọ́. Láti ìgbà náà, ìta ni ó ń kù ú, ó ń kọ ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́, ó ń fi aṣọ bo imú àti ẹnu. Ó ń wọ́n omi sílẹ̀ kí ó tó gbálẹ̀, ó ń sá ẹní àti ìrọ̀rí rẹ̀ sóòrùn. Ní alẹ́, ó ń fi omi iyọ̀ fọ ohun tí ó bá kù. Kò tíì sàn tán. Bí ọyẹ́ bá mú gidi, ó ṣì máa ń sín. Ṣùgbọ́n ó ń sùn lóru, àwọn oníbàárà rẹ̀ ti padà, ó sì ń kàwé sókè nínú kíláàsì tí gbogbo wa ń gbọ́ ọ.

Àwọn àgbà ní, díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Díẹ̀díẹ̀ náà ni imú tí ó dí fi ń ṣí.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni a fi imú wé nínú ẹ̀kọ́ yìí? Kí ni ìdí rẹ̀?
2. Báwo ni a ṣe lè mọ àlẹ́jì yàtọ̀ sí òfìnkìn?
3. Iyọ̀ mélòó ni a ń fi sí omi 50 cl?
4. Kí ló dé tí omi tí à ń mu kò fi tó láti fọ imú bí a kò bá sè é?
5. Àṣìṣe wo ni àwa olùkọ́ yín ṣe?

Ẹ KÍYÈ SÍ ÀMÌ

Ẹ ka àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí sókè: ikun, ikùn, ikún. Ikun ni ó ń jáde nímú. Ikùn ni oúnjẹ ń lọ. Ikún ni ẹranko tí ń jẹ ẹ̀pà lóko. Ẹ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kọ gbólóhùn kan sínú ìwé yín.

IṢẸ́ ILÉ

Bí imú bá ń yọ ẹnìkan lẹ́nu nínú ilé yín, ẹ fi ọjọ́ méje kọ ohun tí ó ṣe àti bí imú rẹ̀ ti rí, gẹ́gẹ́ bí ìyá elélùbọ́ ti kọ ọ́. Ẹ mú un wá sí kíláàsì. Bí ẹ bá ń lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ mú un dání pẹ̀lú. Yóò wúlò fún dókítà.